Ọjà Tí Kò Lè Dúró Di Ọ̀la: Ẹ̀tàn Nínú Títa Ọ̀sẹ̀ Ìsinmi fún Arìnrìn-Àjò

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ṣe èlé àti ìrẹ́jẹ ní èèwọ̀. A ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àyàfi Allāhu, a sì jẹ́rìí pé Ànọ́bì Muhammad ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú ohun tí a ń jẹ, nínú ohun tí a ń tà, àti nínú ohun tí a ń rà.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ wa ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí ni yóò gbéra láìpẹ́. Àwọn kan yóò lọ kí òbí wọn ní ilé, àwọn kan yóò lọ ṣe Úmírà, àwọn mìíràn yóò sì kó ẹbí wọn lọ sí etíkun ilẹ̀ Spéìn tàbí erékùṣù Tenerife kí ara lè sinmi. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ara ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni tí ó ni ín, aya àti ọmọ náà sì ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n owó tí a ń mú lọ sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, owó òógùn ni. Owó ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn ni, owó ẹni tí ó ń tọ́jú arúgbó, owó ẹni tí ó ń wa bọ́ọ̀sì láti ìdájí. Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè nípa rẹ̀ lọ́nà méjì: ibi tí a ti rí i, àti ibi tí a ná an sí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lónìí lórí ọjà kan tí a ti fi gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò, láìsí ọ̀bẹ àti láìsí ìbọn.

Ọjà náà àti ìdájọ́ rẹ̀

Ọjà yìí ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní timeshare. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sanwó lórí ilé ìsinmi kan ṣoṣo, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ́dún. Bí ọ̀sẹ̀ 52 ti wà nínú ọdún, yàrá kan lè ní olówó tó bí 50. Àwọn mìíràn kì í ta ọ̀sẹ̀ mọ́, àmì ni wọ́n ń tà, èyí tí ẹni tí ó rà á yóò máa fi yan ibi tí ó fẹ́ lọ. Yúróòpù ni òwò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ó tàn dé Florida ní Amẹ́ríkà, ó sì gbilẹ̀ ní àwọn etíkun Spéìn tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú òdodo. Ẹ̀sìn wa kò sọ pé ó jẹ́ èèwọ̀ láti sanwó fún lílo ilé fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìjáárà, ó sì tọ́, bí ohun tí a ń sanwó fún bá jẹ́ mímọ̀, tí àsìkò rẹ̀ jẹ́ mímọ̀, tí iye rẹ̀ jẹ́ mímọ̀, tí olówó àti olùtajà sì yọ́nú sí i. Kódà ní Mẹ́kà, ní ilé gogoro Zamzam tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́sálásí Alápọ̀nlé, wọ́n ta ẹ̀tọ́ láti lo yàrá fún àwọn ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, fún ọdún 24 pàtó. Àwọn ẹbí kan sì wà tí wọ́n ń lo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rà ní ìrọ̀rùn. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ inú ilé náà ni mo ń bá wí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á ni.

Bí wọ́n ṣe ń dẹ pańpẹ́ náà

Ẹ fojú inú wo tọkọtaya kan tí wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ ní etíkun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Lọ́ńdọ̀nù, kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó fún ọkọ ní káàdì kan, ó fún ìyàwó ní ọ̀kan, ó ní kí wọ́n fi èékánná họ ojú rẹ̀. Káàdì ti ọkọ kò mú nǹkan gidi wá, ti ìyàwó ni ó jẹ ẹ̀bùn ńlá: ọ̀sẹ̀ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí owó, tàbí ìgò ọtí olówó iyebíye, èyí tí Mùsùlùmí kò tilẹ̀ mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pariwo, ó fò sókè, ó ní òun kò tíì rí irú oríire bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé àwọn káàdì báyìí, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Kò sí oríire níbẹ̀. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ilé.

Ẹ̀bùn náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ lọ gbà á ní ibòmíràn. Takisí wà nílẹ̀, wọn kò ní sanwó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ lọ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò sọ pé orí àwọn tí òun bá mú wá ni wọ́n ti ń sanwó fún òun, kò sì sọ pé gbọ̀ngàn ìtajà ni takisí náà ń lọ.

Ní gbọ̀ngàn náà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ó lè tó wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tí ó gbà wọ́n ní àlejò fún wọn ní oúnjẹ, ó bi wọ́n nípa iṣẹ́ wọn, nípa àwọn ọmọ wọn, nípa iye tí wọ́n ń ná sí ìsinmi lọ́dún. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni. Ó ń fi ìdáhùn wọn wọn bí àpò wọn ṣe jìn tó ni. Bí a bá fẹ́ mú ọ̀bọ, a ó ṣe bí ọ̀bọ.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Olùtajà náà yóò ní: “Ẹ ń ná 2,000 pọ́n-ùn sí ìsinmi lọ́dún. Ní ogún ọdún, ẹ ó ti ná 40,000. Èmi ń ta tèmi ní 12,000 péré. Èrè yín jẹ́ 28,000.” Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kò ka owó ìtọ́jú ọdọọdún mọ́ ọn. Bí owó ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ ní 600 pọ́n-ùn, tí ó sì ń lékún ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, nǹkan bí 20,000 pọ́n-ùn ni wọn yóò ti san láàárín ogún ọdún. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 32,000, a kò sì tíì ka owó ọkọ̀ òfurufú àti oúnjẹ, èyí tí ó ti wà nínú 2,000 tí wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì yá owó náà níbẹ̀, èlé tún wà lórí rẹ̀, èlé sì jẹ́ èèwọ̀ tí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Bí ọkọ bá ní kò sówó, ọ̀gá kan yóò yọ láti yàrá kejì, yóò dín iye náà kù sí ìdajì, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà dá lé: “Òní nìkan ni. Bí ẹ bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó ti parí.” Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àtẹ́wọ́ yóò ró ní tábìlì kejì pé ẹbí mìíràn ti rà. Wọn yóò bi ìyàwó léèrè bóyá kò yẹ ní ẹni tí a ń kẹ́. Ọmọ ń sunkún, oòrùn ń lọ, ojú ń ti ọkọ. Níkẹyìn, wọ́n fọwọ́ síwèé kí wọ́n lè rí ọ̀nà jáde.

Ohun tí Súnnà ti sọ tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, nínú Súratu n-Nisā'i, áyà 29, Ọlọ́hun pàṣẹ fún onígbàgbọ́ pé kí wọ́n jìnnà sí jíjẹ dúkìá ara wọn ní ọ̀nà àìtọ́, ohun tí Ó sì yọ sílẹ̀ ni òwò tí tọ̀túntòsì bá yọ́nú sí. Ìyọ́nú ni òpó tí òwò dúró lé. Ìyọ́nú tí wọ́n fi irọ́, àárẹ̀ àti ìtìjú fà jáde lẹ́nu ènìyàn, ṣé a lè pè é ní ìyọ́nú? Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀kọ́ mẹ́rin láti inú Súnnà.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ní ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), àwọn oníṣòwò kan máa ń jáde kúrò ní ìlú lọ pàdé àwọn tí ń fi ràkúnmí kó ẹrù bọ̀ wá sí ọjà. Wọn yóò ra ẹrù náà ní ẹ̀dínwó kí onítọ̀hún tó dé ọjà, kí ó tó mọ iye tí ó ń lọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ èyí, ó sì fún ẹni tí ó ta ẹrù náà ní ẹ̀tọ́ láti tú òwò náà ká bí ó bá dé ọjà tí ó sì rí òótọ́. Lóòótọ́, àlejò ìgbà náà ń tà ni, àlejò ti òní ń rà ni. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó lọ dá àlejò lọ́nà kí ó tó mọ iye ọjà, àìmọ̀ rẹ̀ ni ó ń jẹ. Ní gbọ̀ngàn yẹn, kò sí ọjà kejì tí a lè béèrè ní. Bí tọkọtaya náà bá lè padà sí yàrá wọn kí wọ́n wo íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn ì bá rí irú ọ̀sẹ̀ kan náà tí àwọn tí ó ti sú ń gbé kiri ní pọ́n-ùn kan, kí ẹlòmíràn ṣáà bá wọn gba owó ìtọ́jú rẹ̀ lọ́rùn.

Ẹ̀kọ́ kejì: Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ó kó oúnjẹ jọ ní ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Ẹni náà ní òjò ni ó pa á. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. Nínú ọjà ọ̀sẹ̀ ìsinmi, ibi tí ó tutù pọ̀: owó ìtọ́jú tí ń gòkè, ọ̀sẹ̀ tí kì í ṣí sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá wà ní ìsinmi, àti pé kò sí ẹni tí yóò rà á padà. Bí olùtajà bá ní “ilé ni ẹ rà yìí, owó yín yóò máa bí sí i,” ó ti gbé èyí tí ó gbẹ sókè bo èyí tí ó tutù mọ́lẹ̀ nìyẹn. Òfin Yúróòpù pàápàá kò gbà á láàyè kí wọ́n polówó timeshare bí ẹni pé ìdókòwò ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ ohun tí wọ́n ń pè ní nájáṣì, èyíinì ni kí ènìyàn máa fi owó lé owó lórí ọjà tí kò fẹ́ rà, kí ẹlòmíràn lè rò pé ọjà náà níye lórí. Àtẹ́wọ́ tí a ń pa kí ẹni tí ń ṣiyèméjì lè bẹ̀rù pé wọ́n ń fi òun sílẹ̀ kò jìnnà sí i.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ó tóbi jù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ọkùnrin kan wà nínú àwọn sàhábà tí wọ́n ń rẹ́ jẹ nínú òwò. Hádíìsì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim, ó sì wà nínú Muwatta Imáàmù Màlíkì, ẹni tí àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé nínú òfin ẹ̀sìn. Àwọn onímọ̀ ní Habbán ọmọ Munqidh ni orúkọ rẹ̀. Ọgbẹ́ kan ti bà á ní orí, ó sì ti dín òye rẹ̀ kù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fi í ṣe ẹlẹ́yà, kò sì sọ pé òmùgọ̀ ni ó fà á. Ó kọ́ ọ pé bí ó bá ń ṣòwò, kí ó sọ ọ́ síta pé kò gbọdọ̀ sí ẹ̀tàn. Nínú ìgbàwá mìíràn, ó fún un ní òru mẹ́ta láti ronú: bí ó bá yọ́nú, kí ó mú un, bí kò bá yọ́nú, kí ó dá a padà.

Òru mẹ́ta! Ẹ ronú sí i. Ẹni tí òye rẹ̀ kò pé ni a fún ní ọjọ́ àtúnrò. Àárẹ̀, ebi, ìtìjú àti ariwo lè sọ ẹni tí òye rẹ̀ pé di Habbán fún wákàtí mẹ́rin. Àwọn olùtajà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí wọn kò fi fẹ́ kí o sùn kí o jí. Ìkánjú ni gbogbo ohun ìjà wọn. Bí wọ́n bá gba ìkánjú lọ́wọ́ wọn, ohun tí ó kù kò pọ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún gbogbo yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí Súnnà fi lélẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, àwọn ìjọba ayé ti wá kọ irú rẹ̀ sínú òfin nítorí ẹkún àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1994, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún ẹni tí ó bá ra timeshare ní ọjọ́ 10, ó kéré tán, láti yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n òfin náà kan àdéhùn tí ó tó ọdún mẹ́ta sókè nìkan. Kí ni àwọn ẹlẹ́tàn ṣe? Wọ́n ń ta àdéhùn oṣù 35, wọ́n sì ń pe òmíràn ní ẹgbẹ́ ìsinmi, kí òfin má bàa kàn wọ́n. Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe òfin tuntun ní ọdún 2008. Ìyẹn kan gbogbo àdéhùn tí ó bá ju ọdún kan lọ, àti ẹgbẹ́ ìsinmi pẹ̀lú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé sínú òfin tirẹ̀ ní ọdún 2010.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí, kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fọwọ́ síwèé ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, láìsọ ìdí kankan, láìsan ìtanràn. Láàárín ọjọ́ 14 náà, wọn kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ gba nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ní ìdógò. Wọ́n gbọdọ̀ fún un ní ìwé tí yóò fi kọ̀ ọjà náà, mọ́ àdéhùn náà. Bí wọn kò bá fún un ní ìwé yẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀ gùn di ọdún kan àti ọjọ́ 14. Bí wọ́n bá pe ènìyàn sí àpéjọ, wọ́n gbọdọ̀ sọ nínú ìpè náà pé ọjà ni wọ́n fẹ́ tà. Ẹni tí ó bá béèrè owó lọ́wọ́ rẹ ní ọjọ́ kan náà ti fi ara rẹ̀ hàn ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ náà kò dọ́gba níbẹ̀. Ní Florida, ọjọ́ 10 ni. Ní Nevada, ọjọ́ márùn-ún péré. Ìwé ni kí wọ́n fi kọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ̀rí yóò fi wà, nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ áyà 282 nínú Súratu l-Baqara mọ̀ pé kíkọ àdéhùn sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun nínú ẹ̀sìn wa.

Ní báyìí, mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rìnrìn-àjò: kí tọkọtaya ṣe ìpinnu kan kí wọ́n tó kúrò ní ilé, pé ohunkóhun tí ó bá ju owó oúnjẹ ọjọ́ kan lọ, a kò ní rà á ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí i. Kí ọkọ fi ìyàwó ṣe àwáwí, kí ìyàwó fi ọkọ ṣe àwáwí, kí ẹ sì dìde. Ìpàdé tí ó bá ní kí ẹ má jáde, ẹ jáde níbẹ̀. Ọjà tí kò lè dúró di ọ̀la kò yẹ ní rírà lónìí. Ẹ̀bùn tí ó ń béèrè wákàtí mẹ́rin nínú ìsinmi ọmọ yín kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á: bí ọjọ́ kò bá tíì pé, ẹ má ṣe sùn lé e. Bí ó bá ti pẹ́, ẹ mú ìwé yín lọ sí Citizens Advice, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá fi káàdì àwìn báǹkì san án, ẹ béèrè nípa Ẹ̀ka 75 nínú òfin àwìn ti ọdún 1974, nítorí báǹkì lè pín nínú ẹ̀bi ọjà tí ó lé ní 100 pọ́n-ùn títí dé 30,000. Bí Spéìn bá ni ilé náà wà, tí àdéhùn yín kò sì lópin, ẹ mọ̀ pé òfin ilẹ̀ náà láti ọdún 1998 kò gbà ju ọdún 50 lọ, àti pé ní ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn dájọ́ pé àdéhùn aláìlópin tí a ṣe lẹ́yìn òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹrù ń bà pé gbèsè yìí yóò di ogún fún àwọn ọmọ yín, nínú ẹ̀sìn wa, inú ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni a ti ń san gbèsè rẹ̀. Kì í ṣe àjàgà tí a ń gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ilẹ̀ náà kí ẹ tó kú, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún pańpẹ́ kejì. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, bí ó bá rí ekòló, ó yẹ kí ó sá. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti tàn rí ni àwọn ẹlẹ́tàn ń wá kiri jù, nítorí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé. Wọn yóò pè yín pé àwọn ti rí ẹni tí yóò ra ọ̀sẹ̀ yín, tàbí pé àwọn yóò gbà yín sílẹ̀ nínú àdéhùn náà, kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ san owó díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ FBI ti Amẹ́ríkà sọ pé láàárín ọdún 2019 sí 2023, nǹkan bí 6,000 ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fẹjọ́ sùn pé àwọn pàdánù owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là sínú irú ẹ̀tàn yìí láti ilẹ̀ Mẹ́síkò, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn olóògùn olóró wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún yín lówó kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa: iṣẹ́ yìí ń wá yín. Wọn yóò ní kí ẹ wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn, tàbí kí ẹ máa pe ènìyàn lórí fóònù, wọn yóò sì fi owó orí ènìyàn dá yín lọ́rùn. Ẹ wádìí ohun tí wọ́n ní kí ẹ sọ. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni ẹ ó fi mú ìyá arúgbó wọlé, owó náà kò ní ìbùkún, bí ẹ tilẹ̀ fi sáráà yọ nínú rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi yé wa pé bí olùrà àti olùtajà bá sọ òdodo, tí wọ́n sì fi àbùkù ọjà hàn, ìbùkún yóò wọ inú òwò wọn; bí wọ́n bá parọ́ tí wọ́n sì fi pamọ́, a óò nu ìbùkún rẹ̀ nù. Ohun tí ó kan òwò Òyìnbó kan òwò tiwa náà: ẹni tí ń ta ilẹ̀ ní Ẹpẹ́ tàbí Ìbàfò fún ará ìlú òkèèrè lórí WhatsApp, tí ń ní “òní nìkan ni iye yìí mọ,” tí kò sì fi ìwé hàn, kí ó mọ̀ pé òun náà ń dá àlejò lọ́nà ni.

Ẹ̀yin ará ilé ẹni tí wọ́n tàn: ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Ìtìjú ni ó ń mú kí ọkọ fi ìwé náà pamọ́ fún aya, kí ìyá máa san owó lóṣooṣù láìsọ fún ọmọ, títí ọjọ́ 14 yóò fi kọjá. Bí ilé bá jẹ́ ibi tí a ti lè sọ pé “wọ́n ti tàn mí o” láìsí èébú, ọ̀pọ̀ owó ni yóò padà wálé. Bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe ṣe sí Habbán ni kí á ṣe sí wọn: kò bú u, ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, ó sì fún un ní àsìkò. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí tí ó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mú un wá bá wa lẹ́yìn ìrun. A óò jọ kà á, a ó sì wá ẹni tí ó mọ òfin kàn.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọwọ́ sókè. Ọlọ́hun, dá àbò bo arìnrìn-àjò wa lójú ọ̀nà, mú wọn lọ láyọ̀, mú wọn bọ̀ láyọ̀. Fi haláàlì tẹ́ wa lọ́rùn kí á má bàa ṣíjú wo haráàmù. Dá owó ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ padà fún un, kí O sì fún un ní sùúrù. Tọ́ ẹni tí ń rẹ́ni jẹ sọ́nà kí ó tó kú. Forí jin àwọn òbí wa, tú gbèsè kúrò lọ́rùn wa, má ṣe jẹ́ kí á fi gbèsè pàdé Rẹ. Àmín.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, ẹ rántí Ọlọ́hun, yóò rántí yín. Ẹ dìde, kí á to sàfù wa, kí á gbé ìrun dúró.